Èéyi Wọ Ilẹ̀ Àánú

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé aláìmọ̀kan ni Naomi Ọláníyọnu, ẹ ní kó wá bá èmi Hasanat. Mo ti bá obìnrin yìí jà ju bí mo ṣe bá ìyá ọkọ mi jà lọ, mo sì mọ ohun tó mọ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi gbẹ̀bí ní ilé àdúrà wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Abẹ títun ló fi ń gé ìwọ́ ọmọ, ó máa ń fi ọṣẹ fọwọ́ dé ìgúnpá, bí ìrọbí bá sì ti ju agbára rẹ̀ lọ, kì í dúró de ìran ẹnikẹ́ni kó tó pe kẹ̀kẹ́ Màrúwá pé kó máa gbé aláboyún lọ sí ọsibítù. "Ìran kì í dá ẹ̀jẹ̀ dúró," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, Wòlíì Zechariah tó jẹ́ olùṣọ́ ìjọ wọn á sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Èmi ni oníṣẹ́ ìlera tó ń gbé kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára kiri àdúgbò wa. Mùsùlùmí ni mí, áfáà ilé-kéwú sì ni Khalilullah ọkọ mi, ìdí nìyẹn tí Naomi fi ń pè mí ní Ìyàwó Áfáà. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí a bá ń gún abẹ́rẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń da àwọn ìyálọ́mọ ìjọ wọn wá bí ẹni ń da adìyẹ wọlé. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ìyàwó Áfáà, mo kó wọn dé. Má jẹ́ kí ọ̀kan sá." Ọ̀pọ̀ ìyá ló jẹ́ pé ìbẹ̀rù Naomi ló gbé wọn wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi. Ọmọ tí káàdì rẹ̀ bá sọnù, ó mọ abẹ́rẹ́ tó kù fún un lórí.

Ó mọ àwọn àrùn ọmọdé bí ẹni mọ ọmọ aládùúgbò. Bí ṣegede bá wú ọmọ lábẹ́ etí, tí kò lè jẹun, kì í jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin súnmọ́ ọn, torí ó ti rí ẹni tí ṣegede sọ̀kalẹ̀ sí lábẹ́. Nígbà tí kòrónà dé, kí ìjọba tó parí ìkéde ló ti fa ẹní ìjọ wọn jìnnà síra, ó sì fi aṣọ bo imú gbogbo ènìyàn, títí kan Wòlíì. Ẹni tó bá gbé ọmọ pamọ́ fún àwọn tó ń kán oògùn rọpárọsẹ̀ sọ́mọ lẹ́nu, Naomi á wọlé lọ gbé ọmọ náà jáde lábẹ́ ibùsùn. Obìnrin báyìí ni mò ń sọ.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa, ìyẹn ni ilẹ̀ àánú. Lẹ́yìn ilé àdúrà wọn ni ilẹ̀ náà wà, wọ́n fi ògiri yí i ká, wọ́n da yanrìn funfun sí i, wọ́n sì kọ́ gbọ̀ngàn gígùn kan àti yàrá mélòó kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wàhálà bá bá á lè wá sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, méje, tàbí mọ́kànlélógún, kí wọ́n máa gbàdúrà lé e lórí. Wọn kì í lé ẹnikẹ́ni padà. Wọn kì í tilẹ̀ bi èèyàn ní ibi tó ti ń bọ̀. Mo máa ń sọ fún un pé, "Mọ́mì, ikọ́ kò mọ ilẹ̀ àánú o. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa wo aláìsàn lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé bá àwọn ọmọ ọwọ́." Á dá mi lóhùn pé ẹni tó bá sá tọ Ọlọ́run wá, òun kọ́ ló máa wò ó lẹ́nu bí ẹni fẹ́ ra ẹṣin. A ó bínú síra wa, nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́ á fi ọ̀jọ̀jọ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Ohun kejì tó wà níbẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n títí tó fi bà á jẹ́ fún wa. Ìlú Awa ni ìyá ìyá Naomi ti tọ́ ọ dàgbà. Ìgbóná bá màmá àgbà yìí jà lọ́mọdé, ó yè é, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ wà lójú rẹ̀ títí tó fi kú. Ìgbóná yìí, èyí tí àwọn àgbà kì í dárúkọ rẹ̀, ti kúrò láyé kí wọ́n tó bí èmi. Màmá àgbà kọ́ Naomi ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà: ẹ lè tọ́jú aláìsàn nínú ilé nígbà tó bá ṣì ń jó lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí èépá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ẹ gbé e lọ sí àba, ẹ sun ẹní rẹ̀, ẹ fọ ilé. Èépá ló ń ràn. Naomi gba ẹ̀kọ́ yìí bí ẹni gba ogún. Gbogbo àrùn tó bá ti ń sú sí ọmọ lára, òfin màmá àgbà ló fi ń mú un.

Irọ́ kọ́ ni màmá àgbà pa, torí èépá ìgbóná ń ràn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èéyi kì í ṣe ìgbóná. Kí ẹnikẹ́ni tó rí èéyi lára ọmọ ló ti ń ràn. Nígbà tó ṣì dà bí ọ̀fìnkìn lásán, tí ara ọmọ gbóná, tí imú ń dà, tí ojú pọ́n tó sì ń ṣomi, tí ó ń wúkọ́, ìgbà yẹn gan-an ló ń tú u sínú afẹ́fẹ́. Ọmọ náà lè ti jáde kúrò nínú yàrá, kí ohun tó wúkọ́ síbẹ̀ sì máa léfòó fún wákàtí méjì de ẹni tó ń bọ̀. Bí ìsúsú náà bá fi máa pé ọjọ́ márùn-ún lára, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má ràn mọ́. Ìgbà tí ara bá wá ń bó, tí Naomi ń sun ẹní, èéyi ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, ó ti lọ.

Ní oṣù kejì ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọyẹ́ ọdún náà kò sì tètè ká kúrò nílẹ̀. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, obìnrin kan tó ń jẹ́ Olúrẹ̀mí, tó ń yan ẹja tà ní Makun-Omi, gbé Jùwọ́nlọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, wá sí ilẹ̀ àánú. Ara ọmọ náà gbóná, ó ń wúkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n koko. Kò gba abẹ́rẹ́ èéyi rí, torí ìgbàkígbà tí àwọn oníṣẹ́ ìlera bá dé Makun-Omi, ìyá rẹ̀ ti gbé e lọ sí àgọ́ àwọn apẹja lórí omi. Naomi ránṣẹ́ pè mí. Mo gún ọmọ náà níka, àyẹ̀wò fi hàn pé ibà wà lára rẹ̀. Mo fún un ní oògùn ibà, mo ní kí wọ́n máa fi omi tútù nu ara rẹ̀, mo sì bá tèmi lọ.

N kò ní kí ó yanu. Bí mo bá ní kó yanu ni, ó ṣeé ṣe kí n rí àwọn tótòtó funfun bí hóró iyọ̀ tí èéyi máa ń kọ́kọ́ fi sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ kó tó yọ sára. Wọ́n kọ́ mi nílé ìwé, mo sì ti kọ́ ẹlòmíràn. Ibà tí mo rí ló dí mi lójú. Mo sọ ọ́ níbí yìí kí ẹ má baà rò pé Naomi nìkan ni mo jókòó tí mò ń ro ẹjọ́ rẹ̀.

Atẹ́gùn tutù púpọ̀ nínú gbọ̀ngàn. Àánú ọmọ tó ń gbọ̀n ṣe Naomi, ó sì gbé e wọ yàrá àwọn ìyálọ́mọ, níbi tí wọ́n ti ti fèrèsé nítorí òtútù. Ọmọ ọwọ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyá wọn lọ́jọ́ náà. Ìkarùn-ún wọn ni Ànúolúwa, ọmọ oṣù méje, ọmọ tí Ọmọ́títí bí fún Naomi.

Ọmọ́títí ni ọmọ kan ṣoṣo tí Naomi ní. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wá ọmọ nílé ọkọ kó tó rí Ànúolúwa. Naomi tó ń gba ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́, ẹ lè mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí láàárín ọdún mẹ́sàn-án yẹn. Ọmọ́títí ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ago-Ìwòyè, níbi tó ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Láàárọ̀ á gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ á wá gbé e. Abẹ́rẹ́ èéyi kò tíì kan Ànúolúwa nínú káàdì rẹ̀, nítorí oṣù mẹ́sàn-án la máa ń gún un. Láti oṣù bíi mẹ́fà sí mẹ́sàn-án ni ọmọ máa ń wà ní gbangba: ààbò tó gbà lára ìyá rẹ̀ wáyé ti ń tán, tiwa kò sì tíì dé.

Jùwọ́nlọ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun àfi Naomi. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi wà lẹ́yìn rẹ̀, tí Ànúolúwa sì wà lórí itan rẹ̀, tí àwọn yòókù ń rá kiri lórí ẹní kan náà. Olúrẹ̀mí ń jókòó sí igun yàrá, ó ń dúpẹ́ títí ẹnu fi ń ro ó. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ìsúsú pupa yọ lẹ́yìn etí ọmọ náà, ó sọ̀kalẹ̀ sójú, ó gba àyà. Naomi wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Èéyi ni." Ẹ̀rù kò bà á. Ó bu omi tútù, ó fi oògùn funfun kun ọmọ náà lára kó má baà máa họra, ó sì bọ́ ọ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ọmọ́títí wá gbé ọmọ rẹ̀, ó rí Jùwọ́nlọ, ó sì bi ìyá rẹ̀ bóyá kí òun má gbé Ànúolúwa wá mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Naomi ní kó gbé e wá, ìgbà tí èépá bá ń bọ́ ni òun máa gbé ọmọkùnrin náà kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Ọmọ́títí, ìyá rẹ̀ sì mọ̀ ju gbogbo ìlú lọ. Ó gbé e wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Èmi ti lọ gún abẹ́rẹ́ ní Awa láti ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ajé ni mo tó dé. Ọjọ́ karùn-ún tí ọmọ náà ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Mo wọ yàrá àwọn ìyálọ́mọ, mo rí Jùwọ́nlọ lórí ẹní láàárín wọn, ìsúsú pupa ti bò ó lára. Mo pe Naomi jáde sórí yanrìn.

"Mọ́mì, ẹ gbé ọmọ yìí kúrò níbẹ̀ báyìí. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé. Ẹ sọ fún Ọmọ́títí kó má gbé ọmọ rẹ̀ wá mọ́."

"Kí ló lé ọ wá? Èépá éè tíì bọ́."

"Èéyi kì í dúró de èépá. Láti ọjọ́ tó ti ń wúkọ́ ló ti ń ràn. Ọjọ́ márùn-ún rèé. Abẹ́rẹ́ gan-an, bí ó bá kọjá ọjọ́ mẹ́ta, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó máa bá a."

Bí inú bá ń bí Naomi, Ìjẹ̀bú ẹnu rẹ̀ á wá nípọn. "Hasanat, èéyi tí mo ti tọ́jú ju irun orí ẹ lọ. Ìwé éè kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀. Ṣebí ìwọ náà lo wò ó lỌ́jọ́bọ̀ tó o ní ibà ni?"

Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ gbà á. Ìyẹn ni mo ń bínú sí ara mi lé lórí jù. Bí mo bá ti gbà pé mo ṣàṣìṣe, kí n jókòó kí n bẹ̀ ẹ́, ó ṣeé ṣe kó gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú tì mí, ìtìjú náà sì di ìbínú. Mo ní bí ọmọ kan bá kú nínú ilé yìí, kó má pe èmi. Mo gbé kúlà mi, mo lọ. Lóòótọ́ mo padà wá ní ìrọ̀lẹ́ láti fún àwọn ọmọ náà ní oògùn fítámì tó ń gba ojú ọmọ lọ́wọ́ èéyi, ṣùgbọ́n a kò bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ara Jùwọ́nlọ bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní ọjọ́ kẹwàá. Naomi ṣe gbogbo ohun tí màmá àgbà kọ́ ọ. Ó gbé ọmọ náà lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó sun ẹní, ó fi omi ọṣẹ àti oògùn apakòkòrò fọ ilẹ̀ àti ògiri. Ọmọ náà ti ń sáré kiri nígbà yẹn, kò sì yé e ìdí tí wọ́n fi ń tì í mọ́lé. Àwọn ìyálọ́mọ mẹ́rin náà ti parí ọjọ́ àdúrà wọn, wọ́n ti gbé ọmọ wọn lọ sílé. Wọ́n kí Naomi pé ó ṣeun, ó mọ ìtọ́jú.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ara Ànúolúwa gbóná. Ó ń sín, ojú rẹ̀ sì ń pọ́n. Naomi gbé e wá sí ilé mi fúnra rẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò kí mi, ó ní, "Wo ẹnu ọmọ yìí fún mi." Mo tan iná sí i lẹ́nu, mo rí wọn, funfun tótòtó, wọ́n kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo sọ fún un. Ó rọra pa ọmọ náà lẹ́nu dé bí ẹni ń pa ìlẹ̀kùn dé, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú pálọ̀ mi.

N kò ní fa ìyókù gùn. Ìsúsú yọ ní ọjọ́ kẹta, ibà kò sì lọ. Èéyi fúnra rẹ̀ kì í sábà pa ọmọ. Ó máa ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ohun tó máa pa á ni. Òtútù àyà ló wọlé tọ Ànúolúwa. Bí ó bá mí, egungun ìhà rẹ̀ ń wọnú, ihò imú rẹ̀ ń ṣí bàlàbàlà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé Naomi dì í mú síbi àdúrà. Bó ti rí bí ọmọ náà ṣe ń mí ló ti pọ̀n ọ́n, ó gun ọ̀kadà, èmi náà gun òmíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n gbà wá sí ọsibítù, wọ́n fi rọ́bà sí ọmọ náà nímú, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Ọmọ́títí ti ṣọ́ọ̀bù, ó wá bá wa. Ó ń fún wàrà ọmú rẹ̀ sínú ife pé bóyá ọmọ náà á lè mu díẹ̀. Ọ̀sán gangan ọjọ́ kẹta tí a débẹ̀, Ànúolúwa dákẹ́. Ife wàrà náà ṣì wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Wọ́n sin ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìsìnkú, Ọmọ́títí jókòó lórí ẹní nílé Naomi, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní níbo ni ọmọ òun ti kó èéyi. Ó ní òun mọ̀, ọjọ́ Sátidé kan ni, òun gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà á mọ́ra wọn lọ́wọ́, ọ̀kan nínú wọn ń wúkọ́. "Èmi ni mo gbé e lọ. Màámi, ẹ ní kí n máa gbé e wá sọ́dọ̀ yín, èmi ni mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù." Ó ń lu itan ara rẹ̀ bó ṣe ń wí i. Mo wo Naomi. Naomi ń wo ilẹ̀. Ẹnì kan ní àmúwá Ọlọ́run ni, gbogbo ilé sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Naomi náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà torí òkú ọmọ ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́rin náà wá bá mi, èéyi ti bò ó. Mẹ́ta ṣẹ́kù tí n kò mọ ibi tí wọ́n wà. Bí òtútù àyà bá mú wọn, tí wọ́n bá tètè gbé wọn wá, a lè gbà wọ́n là. Bí wọn kò bá mọ̀ pé èéyi ni, wọ́n á máa pọ̀n wọ́n lọ sọ́jà àti síbi ìkómọ, wọ́n á máa kó o ran ọmọ ọlọ́mọ. Naomi mọ orúkọ àwọn ìyá wọn, kò mọ ilé wọn. Àwọn ará ìjọ ló lè mọ̀ ọ́n. Ohun tó kù ni kí wọ́n kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Mo bá Wòlíì Zechariah. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ̀rù ló ń bà á. "Ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ ná, ìyàwó wa. Bí a bá kéde rẹ̀, wọ́n á ní ilẹ̀ àánú wa ló ń pa ọmọ. Ta ló máa wá mọ́?" Mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo bá Naomi lẹ́yìn ilé, ó ń fọ aṣọ ọmọ tí kò ní ẹni tó máa wọ̀ ọ́ mọ́.

Mo sọ fún un pé ọmọ mẹ́ta ló wà níta. Ó ní òun gbọ́. Mo ní kó dìde lọ́jọ́ Àìkú, kó dárúkọ wọn nínú ìjọ. Ó fún aṣọ, ó sá a. Nígbà tó yá, ó ní, "Bí mo bá dárúkọ wọn, Ọmọ́títí á gbọ́ pé inú yàrá mi ni gbogbo wọn ti kó o."

"Ẹ sì fẹ́ kó máa rò pé òun ló pa ọmọ rẹ̀?"

Ó ní, "Òun nìkan ni mo ní, Hasanat." Mo ràn án lọ́wọ́ sá aṣọ tó kù.

Ọjọ́ Àìkú yẹn, mo wọ ìjàbù mi, mo lọ jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá nínú ilé àdúrà wọn, lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Mo ti pinnu pé bí kò bá sọ ọ́, èmi ni n ó dìde sọ ọ́, kí wọ́n lé mi jáde. Ọmọ́títí wà ní ìlà kẹta, ó fi gèlè dúdú sórí láàárín gbogbo aṣọ funfun tí ìjọ wọn ń wọ̀. Olúrẹ̀mí ló kọ́kọ́ jáde wá ṣe ìdúpẹ́. Ó ru apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan, ó fa Jùwọ́nlọ lọ́wọ́. Ọmọ náà ti sanra. Kò mọ nǹkan kan, obìnrin náà kò sì mọ nǹkan kan. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ẹni tó tọ́jú aláìsàn ló máa gbé e dé iwájú pẹpẹ, Olúrẹ̀mí sì pe Naomi pé kó wá gbé ọmọ rẹ̀.

Naomi jáde. Ó gbé ọmọ náà, ọmọ náà sì fi orí lé e léjìká bó ṣe ti mọ̀ ọ́n lára. Ó gbé e dé iwájú, ó gbàdúrà fún un, àdúrà gidi, n kò gbọ́ àbùkù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí padà sí ìjọ, ọmọ náà ṣì wà lápá rẹ̀.

"Ọmọ yìí kò jẹ̀bi. Ìyá rẹ̀ kò jẹ̀bi. Èéyi ló ṣe é, èmi ni mo sì gbé e sí yàrá àwọn ọmọ ọwọ́. Hasanat sọ fún mi pé ó ti ń ràn, mo ní kò mọ nǹkan kan. Ànúolúwa kò kó èéyi ní Ago-Ìwòyè. Ọwọ́ mi ló ti kó o."

Wòlíì mi agogo kí àwọn akọrin dá orin. Kò sẹ́ni tó dá a. Naomi ń dárúkọ lọ: ìyá Tamílọ́rẹ, ìyá Olúwagbémiga, ìyá Ọ̀rẹ́dọlá. Ó ní ẹni tó bá mọ ilé wọn kó lọ bá Ìyàwó Áfáà lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Ẹnì kan ní ìyá Tamílọ́rẹ ń gbé ní Awa, lẹ́yìn ọjà. Ẹlòmíràn ní òun ní nọ́ńbà fóònù ìyá Ọ̀rẹ́dọlá. Mo ń kọ wọ́n sẹ́yìn káàdì àjẹsára. Olúrẹ̀mí ti kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bojú, ẹja rẹ̀ wà níwájú rẹ̀.

Ọmọ́títí dìde. Ó rìn dé iwájú ìyá rẹ̀. Kò gbé ohùn sókè.

"Ọjọ́ wo ni Hasanat sọ fún yín?"

"Ọjọ́ Ajé. Ó di ọjọ́ karùn-ún tí ọmọ yìí ti dé."

"Mo gbé e wá lọ́jọ́ Ajé. Mo gbé e wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo gbé e wá títí di ọjọ́ Ẹtì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Lẹ́yìn tí a sin ín, ẹ̀ ń wò mí bí mo ṣe ń lu ara mi."

Naomi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

Ọmọ́títí wo Jùwọ́nlọ lápá Naomi. Ó tún kọ́là aṣọ ọmọ náà tó ká ṣe fún un. Lẹ́yìn náà ó gba àárín ìjọ kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi, ó jáde.

A rí àwọn ọmọ mẹ́ta náà kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Méjì ti ń gbóná. Ọ̀kan nínú wọn, Olúwagbémiga, ti ń mí gúlegúle nígbà tí a débẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló sì lò ní ọsibítù kó tó padà sílé. Gbogbo wọn ló yè. Àwọn ìyá wọn ní kí n bá wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Naomi, mo sì jẹ́ iṣẹ́ náà fún un. Ó ní òun gbọ́. Ilẹ̀ àánú ṣì wà, kò sì sí ẹni tó fi ìjọ wọn sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, àfi Ọmọ́títí.

Ọmọ́títí bí ọmọ mìíràn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní ọsibítù. Obìnrin ni. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé e wá gba abẹ́rẹ́, ó máa ń wá lọ́jọ́ Ẹtì tí kì í ṣe ọjọ́ tí Naomi ń kó àwọn ìyálọ́mọ wá, mo sì máa ń ṣí kúlà fún òun nìkan. Kò ní kí n má sọ fún ìyá òun. Kò sì ní kí n sọ.

Naomi gbọ́, ta ni kì í gbọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó? Nínú oṣù tí ọmọ náà pé oṣù mẹ́sàn-án, ó dúró dè mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun títí gbogbo èèyàn fi lọ. Ó bi mí bóyá ọmọ Ọmọ́títí ti gba abẹ́rẹ́ èéyi. Mo ní èmi ni mo gún un, ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Ó bi mí bóyá ó sunkún. Mo ní ó sunkún díẹ̀, ìyá rẹ̀ gbé e mọ́ra, ó sì dákẹ́. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó bá mi gbé bẹ́ǹṣì wọlé, lẹ́yìn náà ó tún padà wá bi mí ní orúkọ ọmọ náà.